Vernelle Haskins Kò Gbé Tíréè

Ohun tí gbogbo Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, fi ń rántí Vernelle Haskins ni ọ̀rọ̀ tíréè kọfí, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn kan ní ó da kọfí gbígbóná sí ayàwòrán lára. Àwọn mìíràn ní ó fi tíréè gbá a létí. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Vernelle kò da omi tútù pàápàá sí ẹnikẹ́ni lára rí. Ìbọ̀wọ́ funfun ló máa ń wọ̀, kò sì fẹ́ kí nǹkan ta sí i.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ogun Hitler ti parí, àwọn ọmọ ogun ti padà sílé, ayé sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ni Vernelle ń ṣe. Wọn á gbé aṣọ fún un, á wọ̀ ọ́, á rìn tàbí kí ó dúró níwájú kámẹ́rà, kí àwọn obìnrin tó bá rí i lè fẹ́ ra irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ló ti ń ṣe é, nínú ìwé ìròyìn tiwa àti nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Àwọn òyìnbó ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà, kò pè é rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kọfí kan wá ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá ya àwòrán ìpolówó, gbogbo ilé tí ó ń gbé ló gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn wọn.

Ó gbé àpótí roboto rẹ̀ dání lọ. Ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀, bàtà gogoro wà níbẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn wà níbẹ̀, àtíkè tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí módẹ́ẹ̀lì dúdú nígbà náà tí kì í gbé àtíkè tirẹ̀ dání. Èyí tí àwọn ayàwòrán òyìnbó ń lò máa ń sọ ọmọ ènìyàn di ẹni tó ṣubú sínú ìyẹ̀fun.

Ayàwòrán náà ń jẹ́ Oskar Lindqvist, ọkùnrin gíga kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sweden, tó máa ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sí iwájú orí, tí á sì máa wá a kiri. Nígbà tí Vernelle wọlé, òyìnbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Daphne ti jókòó sórí àga nínú aṣọ sílíkì búlúù. Vernelle kí i, ó yin aṣọ náà, ó béèrè ibi tí tirẹ̀ wà. Wọ́n gbé aṣọ dúdú ọmọ ọ̀dọ̀ kan lé e lọ́wọ́, épírọ́ọ̀nù funfun, fìlà pélébé kan, àti tíréè.

Vernelle wo tíréè náà níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Lindqvist ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Kí ó ṣáà dúró sẹ́yìn àga, kí ó gbé tíréè, kí ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tínú rẹ̀ dùn. Vernelle béèrè pé kí ni yóò máa dùn mọ́ òun nínú. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní kọfí náà ni. Vernelle béèrè bóyá òun máa mu nínú rẹ̀. Ó ní rárá, Daphne ló máa mu ún. Vernelle ní, ó dára, a jẹ́ pé Daphne ló yẹ kó máa rẹ́rìn-ín.

Ó rọra fa àga kejì, ó jókòó, ó kó ẹsẹ̀ lé ara wọn níbi ọrùn ẹsẹ̀, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ kan bí ẹni tó dé ilé àna rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist," ó ní, "láti òkè Harlem ni mo ti wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wá, mi ò sì tíì fẹnu kan nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣúgà díẹ̀ ni kí ẹ fi sí tèmi."

Ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ kọfí rán wá pọ́n bí ata. Daphne, tí ebi ti ń pa láti àárọ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ikùn rẹ̀ yọ nínú aṣọ, bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í mu ṣúgà ní tòun. Bí Lindqvist ṣe gbé tíréè fún àwọn méjèèjì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ nípa ìyókù: kọfí náà ti tutù. Vernelle mu ún tán, ó dúpẹ́, ó sì sọ fún ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà pé èyí tí màmá òun ń sè nílé dára jù ú lọ.

Wọn kò ya àwòrán kankan lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ ìlú ti ilẹ̀kùn mọ́ Vernelle, ọdún sì ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n ní Harlem, ó di ayaba. Àwọn onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró kí wọ́n lè sọ ìtàn náà dáadáa. Bí ó bá ń kọjá lójú pópó Lenox, àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí àtẹ̀gùn á dìde, wọn á ní kí Mísì Haskins wá jókòó. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́. Tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Mi ò gbé e," á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Arletha Haskins ni, ìyá rẹ̀.

Opó ni Arletha. Láti South Carolina ló ti wá sí New York, ilé òyìnbó olówó kan ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí Vernelle wà lọ́mọ ọwọ́. Òun ló ń se oúnjẹ wọn, òun ló sì ń gbé e tọ̀ wọ́n lọ nídìí tábìlì. Ibi tí wọ́n ti ń fi kóòmù gbígbóná na irun rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tíréè. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní, "Mìsíìsì Haskins, ẹ mà bí ọmọ o." Ó dìde lórí àga. Wọ́n pè é, ó ti já síta. Ó rìn já pópó Lenox lọ sílé ní ọ̀sán gangan, apá kan orí rẹ̀ nà gbọọrọ, apá kejì dúró ṣánṣán. Kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un.

Ó bá Vernelle ní ilé ìdáná.

"Wọ́n ní o ò gbé tíréè."

"Mi ò gbé e, Màmá."

"Kí ni tíréè ṣe?"

Vernelle gbé abọ́ tó ń nù kalẹ̀.

"Mo ní kí ni tíréè ṣe? Òun ni mo gbé tí o fi jẹun. Òun ni mo gbé tí o fi ríwèé kà, tí o fi ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun. Tó bá jẹ́ nǹkan ìtìjú ni mo ń ṣe láti ọjọ́ yìí, sọ ọ́ sí mi lójú. Má lọ sọ ọ́ níwájú àwọn òyìnbó."

Vernelle fa àga fún un. Arletha kò jókòó.

"Màmá, tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Mo máa ń bọ́ épírọ́ọ̀nù mi."

"Obìnrin inú àwòrán kò lè bọ́ tiẹ̀, Màmá. Bẹ́ẹ̀ lá ṣe dúró sẹ́yìn àga yẹn títí. Ẹ̀yin máa ń wálé. Òun ò nílé."

Arletha jókòó. Ó fọwọ́ kan apá kan orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá kejì. Ó ní, "Gbé kóòmù sórí iná."

Ẹ má rò pé ìjà ti parí níbẹ̀. Bí Vernelle ṣe ń na irun náà lọ, ìyá rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tí Vernelle kò ní ṣe. Ẹnikẹ́ni ló lè ní òun kò ní ṣe nǹkan. Ọjọ́ tí àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn bá ya Vernelle bí obìnrin tó ń wọ aṣọ ara rẹ̀, tí kò sin ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì gbé e jáde kí gbogbo ayé rí i, ọjọ́ náà lòun á tó gbà pé iṣẹ́ lọmọ òun ń ṣe. Títí di ìgbà náà, ẹnu lásán ni. Vernelle kò jiyàn. Ohun tó sọ kò ju pé kí ìyá rẹ̀ tẹ etí sílẹ̀, kí kóòmù má baà jó o.

Láti ọjọ́ náà lọ, àwòrán kan yẹn ni Vernelle ń lépa. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Bí ìlà bá ti ń yọ lọ́rùn, ẹni tó ń gbé aṣọ bọ̀ á ti máa wo ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ.

Ní gbogbo àkókò yẹn kò jókòó lásán. Ó ń fi aṣọ hàn ní Harlem, ní Brooklyn, ní Newark, níbikíbi tí ìjọ bá ti ń wá owó tí yóò fi tún òrùlé ṣe. Ti ìjọ Mount Tirzah ló di ìtàn. Ṣọ́ọ̀bù kan ló yá wọn láṣọ, aṣọ tí wọ́n bá sì yáni kì í bá ara mu. Ohun tí àwọn módẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe ni pé wọn á fi píìnì àti pẹ́ẹ̀gì ká a mọ́ra lẹ́yìn. Iwájú á gún régé. Ẹ̀yìn á dà bí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Òfin rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: tí pẹ́ẹ̀gì bá wà lẹ́yìn rẹ, má kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn. Níwájú kámẹ́rà, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ, ẹni tó bá ti jáde ní láti padà wọlé.

Aṣọ pupa ni Vernelle wọ̀. Ó jáde láti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ó dúró, àwọn obìnrin mí kanlẹ̀. Ìgbà tó tó àkókò láti wọlé ló rántí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó na ọwọ́ kan bí ẹni tó ń súre fún ìjọ, ó sì fi ẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, títí ilẹ̀kùn fi gbé e mì. Arábìnrin Ozella Crump ló wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òun ló ń ṣàpèjúwe aṣọ fún ìjọ. Kò mọ̀ nípa pẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n Arábìnrin Crump kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà tí òun kò mọ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì kéde pé bí wọ́n ṣe ń jáde ní Paris nìyẹn báyìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ló fi ẹ̀yìn jáde. Ọ̀kan nínú wọn fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ Díákónì Purnell níbi tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Díákónì dìde nígbà ìfilọ̀. Ó ní òun kò mọ ibi tí Paris wà, òun kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún fẹ́ fi ẹ̀yìn kúrò níwájú Olúwa, kí ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ Purnell wà níbẹ̀.

Wọ́n ní kí Vernelle sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ó kọ̀. Ó ní òun kò lè dójú ti Paris.

Ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìrìn sílẹ̀ pẹ̀lú, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Wọ́n ti ń kọ ọ́ káàkiri pé ìwé ló máa ń kó lé àwọn ọmọbìnrin lórí kí wọ́n lè rìn tààrà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan gbé ìwé lérí lójú rẹ̀ rí, ó ní kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, nítorí inú orí ni à ń kó ìwé sí. Àpò ọ̀dùnkún ló máa ń gbé fún wọn. Wọn á gbé e lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, wọn á gun àtẹ̀gùn lọ sókè, wọn á sọ̀ kalẹ̀, òun á dúró lókè máa pariwo pé kí èjìká wọn dúró tààrà. Ìyá ọmọ kan wá bá a jà pé òun kò sanwó kí ọmọ òun wá di alágbàrù. Vernelle ní, "Mìsíìsì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kí ni kò ní jẹ́ kó rìn bí ayaba? Ẹ jẹ́ kí n rí i bó ṣe máa rìn tó bá ń ti ọjà bọ̀." Ìyá náà gbé àpò ọ̀dùnkún méjì, ó gun àtẹ̀gùn náà, ó sì forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí Vernelle kì í sọ bó ṣe rí ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló jẹ́, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣì lè wà níbẹ̀ di òní bí kì í bá ṣe Arletha, tí kì í jẹ́ kí ìṣirò wọ́. Ní ẹnu ọ̀nà ìjọ, akọ̀ròyìn kan béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, Vernelle sì dá a lóhùn. Arletha, tó ń so okùn àkẹtẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Vernelle, tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ́, a jẹ́ pé bàbá rẹ ti wà nínú sàréè kí n tó lóyún rẹ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Lindqvist gun àtẹ̀gùn wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Irun rẹ̀ ti ń funfun, gíláàsì rẹ̀ sì wà níwájú orí. Ilé ìtajà ńlá kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, Marchbanks, ti rí i pé àwọn obìnrin Harlem ń ra kóòtù òtútù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n fẹ́ kí obìnrin dúdú kan wọ kóòtù tiwọn, ojú ewé kan gbáko, nínú ìwé ìròyìn aláwòrán tí gbogbo Amẹ́ríkà ń kà. Wọ́n béèrè ẹni tí Lindqvist mọ̀, ó ní ẹnì kan ni. Wọ́n béèrè bóyá ẹni kọfí yẹn ni, ó ní òun ni. Wọ́n béèrè bóyá agídí rẹ̀ ti rọ̀, ó ní kò rọ̀ rárá, nítorí náà kí wọ́n wá àga tó dára.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún un. Vernelle pò àtíkè rẹ̀, ó fi ra ojú, ó wọ kóòtù pupa dúdú náà tó ní irun ẹranko lọ́rùn, wọ́n fi píìnì mú un lẹ́yìn. Lindqvist na ọwọ́ sí àga. Vernelle ní òun á dúró. Ọkùnrin náà rán an létí pé ọjọ́sí ó jókòó tí gbogbo ayé gbọ́. Vernelle ní lọ́jọ́sí, wọ́n fẹ́ kí òun dúró ni.

Lindqvist ya àwòrán náà, ó sì dára. Vernelle dúró bí ẹni tó ti ilé rẹ̀ jáde, tó ń wo bóyá òjò máa rọ̀, tí òjò kò sì tó bẹ́ẹ̀ láti rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé yóò jáde lóṣù tó ń bọ̀. Arletha ní òun ń retí.

Ṣùgbọ́n kí àwòrán tó dé ilé ìtẹ̀wé, ó ní ọwọ́ kan tó máa ń gbà kọjá. Marchbanks ní ọkùnrin kan tó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tún àwòrán ṣe: á pa ìlà ojú rẹ́, á yọ irorẹ́, á mú ìbàdí wọlé díẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ojú òyìnbó nìkan ló sì ti ṣe é sí. Nígbà tó rí ojú Vernelle, ó rò pé iná kámẹ́rà ni kò tó. Kò ní ìkà lọ́kàn. Ó jókòó ti àwòrán náà tọkàntara, ó sì tan iná sí i títí ojú náà fi funfun bí òdòdó òwú. Nígbà tó sì ti wà nídìí iṣẹ́, ó bá wọn dín imú náà kù.

Lindqvist ló gbé e wá. Kò wọlé tán, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Vernelle gbà á, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé.

"Arẹwà ni," ó ní. "Ta ni?"

Lindqvist ní, "Mísì Haskins."

"Rárá. Ẹ lọ wá obìnrin yìí, kí ẹ fún un lówó rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ṣiṣẹ́ yẹn."

Lindqvist wá gíláàsì rẹ̀, ó rí i, ó fi í sójú. Ó sọ fún un pé èyí ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Bí kò bá gbà, wọn á yọ ọ́ kúrò, wọn á fi òyìnbó sí i, ìsàlẹ̀ ìlú kò sì ní pè é mọ́ láé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye ọdún tí ẹ jẹ́. Irú èyí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì."

Vernelle mọ̀. Gbogbo ọdún tó ti ń dúró ló wà nínú pépà tó mú dání. Arletha wà ní yàrá kejì, ó ń ṣa ẹ̀fọ́, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń kọrin lábẹ́ imú.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ obìnrin tó ń kọrin yẹn?" ni Vernelle wí. "Imú rẹ̀ ni mo gbé sójú. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ti gé e kúrò. Òun ni mo fẹ́ fi àwòrán yìí hàn, Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist. Tí mo bá gbé èyí síwájú rẹ̀, ta ni kí n sọ pé ó ń wò?"

Ó dá àwòrán náà padà ní ìdojúdé. Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, ó wọ ilé ìdáná lọ fọ abọ́, ó sì fọ́ ọ̀kan. Arletha béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní ọṣẹ ni.

Àwọn tó ń sọ pé ọkàn àwọn Marchbanks ló rọ̀ ń tan ara wọn jẹ. Inú bí wọn gidigidi. Wọ́n ní kí Lindqvist wá òyìnbó kan wọ kóòtù náà kíá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó kóòtù náà lọ tà ní Chicago, ilé ìtẹ̀wé sì ń pè wọ́n pé ojú ewé kan ṣì ṣófo. Wọ́n béèrè àwòrán mìíràn tí ó yà lọ́jọ́ náà. Lindqvist ní omi ti ba gbogbo wọn jẹ́, àyàfi ẹyọ kan tí búrọ́ọ̀ṣì kò tíì kàn. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì wọn. Wọ́n bú u, wọ́n bú Vernelle, wọ́n bú ilé ìtẹ̀wé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí omi kankan ní ilé Lindqvist lọ́jọ́ náà, yàtọ̀ sí èyí tó fi po ọtí rẹ̀ nígbà tó délé.

Vernelle kò di olókìkí Amẹ́ríkà. Ó rí iṣẹ́ díẹ̀ sí i ní ìsàlẹ̀ ìlú, lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé tí ọrùn wọn gùn ju tirẹ̀ lọ dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ ìrìn. Ó ń wọ ìbọ̀wọ́ lọ ra ẹja títí di ọjọ́ ogbó. Ìgbà òtútù ló kú. Iye ọdún rẹ̀ kò sí lórí pósí, nítorí ẹni tó ń tún ìṣirò náà ṣe ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Níbi ìsìnkú, àwọn ènìyàn tún ń sọ pé ó da kọfí sí òyìnbó lára, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín débi pé kò sẹ́ni tó lọ́kàn láti dá wọn lẹ́kun. Ọjọ́ tí àwòrán jáde ni wọ́n kì í sọ tó.

Ọjọ́ náà, àwọn ará àdúgbò sáré lọ sọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn ní igun pópó Lenox. Kò sí ẹyọ kan nílẹ̀. Wọ́n lọ sí igun kejì, kò sí. Oníwèé ìròyìn ní ìyá àgbà kan tó dé àkẹtẹ̀ dúdú ló wá ní àárọ̀, ó sì ra gbogbo rẹ̀, ó ní kí ó má yọ ọ̀kan pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí Vernelle nínú ìwé ìròyìn ní láti gun àtẹ̀gùn lọ sí ilé ìdáná Arletha Haskins, kí ó sì tẹ̀ lé òfin ibẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Kí ó nu ún gbẹ. Kí ó má fi itọ́ ṣí ìwé.

Nígbà tí Vernelle ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé, ó bá èrò lórí àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, olúkúlùkù na ọwọ́ síwájú kí ó lè gbẹ. Ó rò pé ẹnì kan ló kú. Lindqvist kò tíì sọ fún un pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó fi èjìká ṣe ọ̀nà láàárín wọn, ó wọlé. Díákónì Purnell wà nídìí omi, ó ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé wọn kò gba ti àkọ́kọ́. Arletha jókòó sídìí tábìlì, kò tíì ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀.

Arletha wo ọmọ rẹ̀. Ó wo àwòrán.

"Kóòtù yẹn gbòòrò jù fún ẹ."

"Wọ́n fi píìnì mú un lẹ́yìn, Màmá."

"Mo rí i." Ó na ìka kan, ó gbé e sórí imú tó wà nínú àwòrán, kò tẹ̀ ẹ́, ó ṣáà gbé e síbẹ̀. "Arẹwà ni," ó ní. "Ó jọ mí."

Vernelle bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tò sẹ́yìn Díákónì láti fọ ọwọ́, lẹ́yìn náà ó jókòó ti ìyá rẹ̀, kí òun náà lè wò ó.